Ohun Tó Kan Búrẹ́dì Agége Nínú Ọ̀rọ̀ Òkun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ojú ló bá imú. Bí ọ̀rọ̀ ààbò ojú òkun bá wáyé lórí rédíò tàbí nínú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn tí wọn kò fojú kan òkun rí láyé wọn, máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ológun, àwọn olówó tó ní ọkọ̀ ojú omi àti àwọn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí ní ìdájí ní Agége, tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ Pen Cinema tàbí nítòsí ojú irin, tó sì rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbóná lérí, tí wọ́n ń kiri ọjà wọn, ẹni bẹ́ẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ òkun láìkúrò lórí ilẹ̀.

Búrẹ́dì Agége kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá. Òun ni bíríkìlà ń fi ẹ̀wà àgànyìn jẹ kó tó gun àkàbà, òun ni awakọ̀ ń jẹ ní ìdíkọ̀, òun ni ìyá ń gé fún ọmọ kó tó lọ sí ilé ìwé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní ìlú London pàápàá ń wá a rà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbin àlìkámà ní Agége. Àwọn àgbẹ̀ òkè Ọya ń gbìn díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di fùláwà ní Àpápá, láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Rọ́ṣíà, Australia àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló ti ń wá. Ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ńkọ́? Ilẹ̀ Brazil ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ wá. Bí ọkọ̀ ojú omi kò bá gúnlẹ̀, iná ààrò kò ní jó.

Àwọn àgbàlagbà yóò rántí pé ní ọdún 1987, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Èrò ìjọba ni pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí yóò lè gbìn ín tó gbogbo ènìyàn í jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, wọ́n gbé òfin náà kúrò, láti ìgbà náà títí di òní, ọkọ̀ ojú omi ló ń bọ́ ilé búrẹ́dì. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ń gba ojú òkun kọjá kò lè sọ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú òkun kò kan òun.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù lọ láyé, Òkun Dúdú sì ni Ukraine ń gbà kó tirẹ̀ jáde. Nígbà tí ọkọ̀ ogun àti àdó olóró inú omi dí ọ̀nà náà, owó àlìkámà gbẹ́nu sókè káàkiri àgbáyé. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn aṣebúrẹ́dì ní Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí pé owó fùláwà, ṣúgà àti dísẹ́lì ti kọjá agbára wọn. Nínú oṣù keje kan náà, ní ọjọ́ 22, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti orílẹ̀-èdè Turkey rí i dájú pé Rọ́ṣíà àti Ukraine fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Istanbul, pé kí ọkọ̀ tó kó ọkà máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Àdéhùn náà kò pé ọdún kan tí Rọ́ṣíà fi yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ọdún 2023. Kò sí aṣebúrẹ́dì Agége kankan níbi ìpàdé Istanbul, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ti Òkun Pupa tún fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn ajagun Houthi ti ilẹ̀ Yemen fi hẹlikọ́pítà balẹ̀ sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Galaxy Leader, wọ́n sì fipá gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun ìjà kọlu àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi pa ọ̀nà Suez tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ká láti ìhà gúúsù. Ìrìn àjò láti Éṣíà sí Yúróòpù tún fi nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 gùn sí i. Ọkọ̀ tó bá pẹ́ lójú òkun kò lè tètè padà wá gbé ẹrù mìíràn. Báyìí ni ọkọ̀ àti kọntéínà ṣe ń ṣọ̀wọ́n, tí owó tí wọ́n ń gbà fi ń lọ sókè, àti lọ́dọ̀ ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò gba Òkun Pupa rárá.

Ó yẹ kí ó yé tọmọdé tàgbà bí ìnira ojú òkun ṣe ń di ìnira ojú àtẹ. Ọlọ́kọ̀ kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ sójú òkun láìsan owó adójútòfò. Ìgbìmọ̀ àwọn adójútòfò kan wà ní London tó ń kọ orúkọ omi tó bá léwu sílẹ̀. Bí omi kan bá ti wọ inú ìwé náà, owó mìíràn tí wọ́n ń pè ní owó ewu ogun yóò gorí ti tẹ́lẹ̀, owó dọ́là sì ni. Ọlọ́kọ̀ kò ní fi àpò ara rẹ̀ gbé e. Yóò gbé e lé ẹni tó háyà ọkọ̀, ẹni yẹn yóò gbé e lé ọlọ́jà, ọlọ́jà yóò gbé e lé ilé-iṣẹ́ fùláwà, ilé-iṣẹ́ fùláwà yóò gbé e lé aṣebúrẹ́dì, aṣebúrẹ́dì yóò gbé e lé ìyá tó gbé igbá lérí. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ búrẹ́dì, kò tún sí ẹni tí onítọ̀hún lè gbé e lé mọ́. Ọrùn tálákà ni gbogbo ẹrù òkun ń sọ̀ sí.

Kì í ṣe búrẹ́dì nìkan. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láti Ìkẹjà dé Agége, láti Ọba Akran dé Agídíńgbí, tí wọ́n ń ṣe oògùn, ọ̀dà, ike àti oríṣiríṣi nǹkan, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ohun èlò wọn wá. Ajílẹ̀ òyìnbó, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ẹja inú yìnyín, gbogbo wọn ló ń gba èbúté wọlé. Àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní Òǹdó tàbí ní Ọ̀ṣun náà ní tirẹ̀ ńbẹ̀, nítorí pé ojú omi ni kòkó rẹ̀ ń gbà lọ, bí owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò bá sì ti ga, owó tí àwọn tó ń rà á yóò san ní oko ni wọn yóò dín kù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi yé ni pé ojú omi ni ẹrù tó ju ìdá 80 nínú ìdá 100 gbogbo ọjà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń bá ara wọn tà ń gbà kọjá.

Bí ìjà Rọ́ṣíà àti ti Yemen bá jẹ́ ìjà ọ̀nà jíjìn, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ńkọ́? Omi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Gulf of Guinea, tó bẹ̀rẹ̀ láti Senegal tó sì lọ títí dé Angola, ni Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Etí òkun Nàìjíríà nìkan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 853. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi yìí ni àwọn atukọ̀ àgbáyé ń bẹ̀rù jù lọ.

Olè ojú omi kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá ní Èkó. Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba bẹ sìmẹ́ńtì tó pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè gbà lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun, wọ́n ń dúró de ààyè fún ọ̀pọ̀ oṣù, sìmẹ́ńtì sì ń bàjẹ́ nínú wọn. Ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan di ẹran àwọn olè. Wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré lọ bá wọn lóru, wọ́n ń gùn wọ́n, wọ́n ń kó ẹrù. Ní ọdún 1977, wọ́n pa ọ̀gá atukọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Denmark kan lójú òkun Èkó. Ọdún náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can kí èrò ọkọ̀ lè dín kù. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé èbúté tí kò bá yá lọ́wọ́ ló ń bọ́ olè.

Láàárín ọdún 2000 sí ọdún 2010, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìjà epo rọ̀bì ní Niger Delta mú kí ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, àwọn tó mọ gbogbo ọ̀nà omi ibẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn tó ní ọkọ̀ apẹja ńláńlá kó ọkọ̀ wọn kúrò lójú òkun nítorí pé ìkọlù àti ìpànìyàn ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ epo, wọ́n ń fa epo inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí owó epo já lulẹ̀ ní àgbáyé, wọ́n rí i pé ènìyàn níye lórí ju epo lọ, wọ́n sì sọ iṣẹ́ wọn di ti ìjínigbé.

Ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ náà burú jù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìwà olè ojú òkun fún àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní International Maritime Bureau, sọ pé 135 ni àwọn atukọ̀ tí wọ́n jí gbé ní gbogbo ayé lọ́dún náà, 130 nínú wọn ni wọ́n sì jí gbé ní Gulf of Guinea. Ìkọlù 81 ló ṣẹlẹ̀ lójú omi yìí láàárín ọdún kan. Nígbà tó di ọjọ́ 23, oṣù kìíní, ọdún 2021, ọkọ̀ Mozart tó kúrò ní Èkó, tó ń lọ sí Cape Town, bọ́ sọ́wọ́ wọn lójú òkun jíjìn nítòsí São Tomé. Àwọn atukọ̀ náà sá pamọ́ sínú yàrá ààbò, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́ṣà fọ́ ọ wọlé. Wọ́n pa ẹnì kan, ọmọ ilẹ̀ Azerbaijan, wọ́n sì kó àwọn ọmọ Turkey 15 lọ. Oṣù kejì ni àwọn wọ̀nyí tó gba ìdáǹdè. Bí ìyá kan ṣe ń sunkún ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jí gbé lójú títì márosẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá ń sunkún ní Turkey àti ní India nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú omi yìí.

Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bá. Olè ojú omi kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2011, àwọn ọlọ́ṣà ya bo ojú òkun orílẹ̀-èdè Benin, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn ará Kùtọnu tí wọ́n jẹ́ alábàágbé àti ìbátan. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èbúté Kùtọnu, èbúté yìí kan náà sì ni ìjọba ibẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé fún owó ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Nàìjíríà àti Benin bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ àjùmọ̀ṣe lójú omi. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sí i ní ọdún náà àti ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà péjọ sí ìlú Yaoundé ní Cameroon, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa fi ìròyìn tó ara wọn létí, àwọn yóò sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nílé, ohun tó ń dí ìjọba lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni òfin. Bí àwọn ọmọ ogun ojú omi bá mú olè, kò sí òfin tó dájú tí wọ́n lè fi bá a ṣẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ọlọ́ṣà ojú òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìwà náà sí ọ̀ràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt dá ènìyàn mẹ́ta lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn kan ti já ọkọ̀ apẹja àwọn ará China, Hai Lu Feng 11, gbà lójú òkun Côte d'Ivoire. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà lépa wọn, wọ́n bá wọn, wọ́n sì gba atukọ̀ 18 sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, Adájọ́ Ayokunle Faji ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán àwọn 10 tó ṣe iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kan wà tí àwọn ará Agége kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ Buhari wá sí Èkó, ó sì ṣí ọ̀nà reluwé tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó ní ibùdókọ̀ ní Agége, tí wọ́n fi orúkọ Babatunde Raji Fashola sọ. Ní ọjọ́ kan náà, ó lọ sí èbúté Àpápá, ó sì ṣí ètò ààbò ojú omi tí wọ́n ń pè ní Deep Blue, tí iye owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 195 dọ́là. Ọkọ̀ ojú omi ńlá méjì, bàálù méjì, hẹlikọ́pítà mẹ́ta, ọkọ̀ asáré 17, bàálù aláìnídìí-ènìyàn mẹ́rin àti ọkọ̀ ìhámọ́ra orí ilẹ̀ 16 ló wà nínú rẹ̀, lábẹ́ àjọ NIMASA. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ti reluwé, wọ́n gbàgbé ti omi. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì: ẹrù tí reluwé yóò gbé láti Àpápá gba Agége kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Àbájáde rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ìkọlù 81 tó wáyé ní ọdún 2020 wálẹ̀ sí 18 ní ọdún 2024. Ẹni tó bá ní ìjọba Nàìjíríà kò ṣe ohunkóhun rí kò sọ òtítọ́. Ó yẹ kí wọ́n yin àwọn ọmọ ogun ojú omi àti NIMASA fún iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà wà lójú omi yìí. Láti ọdún 1990 ni ilẹ̀ Faransé ti ń rán ọkọ̀ ogun síbẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù para pọ̀ láti máa pín ìṣọ́ omi náà láàárín ara wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ Nàìjíríà ló gbé wọn wá. Epo, ẹrù àti ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ìyẹn kò burú, olúkúlùkù ló ń ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣáájú ilẹ̀ yìí mọ̀ ni pé bí onílé kò bá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àlejò yóò bá a ṣọ́ ọ, ọjọ́ tí àlejò bá sì di olùṣọ́, òun ni yóò máa sọ ẹni tí yóò wọlé.

Ìtàn ọkọ̀ ogun Denmark kan fi èyí hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ Esbern Snare pàdé àwọn afurasí ọlọ́ṣà ní gúúsù Nàìjíríà. Ìbọn dún, ènìyàn mẹ́rin kú, wọ́n mú mẹ́rin mìíràn. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní agbègbè náà tó gbà láti bá wọn ṣẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Denmark gbé mẹ́ta nínú wọn sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti epo, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹnì kẹrin fara gbọgbẹ́ tó fi di pé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Denmark, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ dá a lẹ́bi ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n kò fìyà jẹ ẹ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ ọlọ́ṣà, kí ló dé tí wọn kò jẹ́jọ́ níbi tó yẹ? Bí wọn kò bá jẹ́ ọlọ́ṣà, ta ni yóò béèrè ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rin tó kú?

Òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1982, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, pín omi bí ẹni pín ilẹ̀ ẹbí. Láti etí ilẹ̀ dé máìlì òkun 12, ti onílẹ̀ ni pátápátá; ọlọ́pàá òkèèrè kan kò gbọdọ̀ wá mú olè níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Láti ibẹ̀ dé máìlì 200, onílẹ̀ ló ni ẹja àti epo ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ni ọ̀nà, orílẹ̀-èdè tó bá sì bá ọlọ́ṣà pàdé lè mú un. Òfin fún ni ní ẹ̀tọ́ láti mú olè, kò fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni bá a ṣẹjọ́. Àlàfo yìí ni ọlọ́ṣà ń gbà sá lọ, òun sì ni àdéhùn Yaoundé kò tíì dí.

Ìṣòro kejì ni pé owó kò tíì wálẹ̀. Bí olè ti dín kù tó, àwọn adójútòfò ṣì ń gba owó ewu ogun lórí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà, NIMASA sì ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n yọ orúkọ ilẹ̀ yìí kúrò nínú ìwé ewu. Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò tó. Ohun tí oníṣòwò ń wò ni bóyá àlàáfíà náà yóò pẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé bàálù ìṣọ́ kò lè fò nítorí àìsí ẹ̀yà ara, tàbí pé owó epo ọkọ̀ ìṣọ́ kò tètè jáde, wọn kò ní dín kọ́bọ̀. Àṣà ríra ohun tuntun kí wọ́n sì jẹ́ kó dípẹtà ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ nílẹ̀ yìí. Kò gbọdọ̀ ba èyí náà jẹ́.

Ìṣòro kẹta ni àwọn tó wà lẹ́yìn àwọn ọlọ́ṣà. Àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ kékeré lépa ọkọ̀ ńlá kò mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra ní èbúté, wọn kò sì lè nìkan gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ẹnì kan ń fi ìròyìn tó wọn létí, ẹnì kan ń rà ẹ́ńjìnnì fún wọn, ẹnì kan ń bá wọn fi owó pamọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n títí di ìsinsìnyí, ọwọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe orí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n fojú fo àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Àrógbò ní etí òkun Òǹdó, tí àwọn ọlọ́ṣà máa ń gba ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀mí pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá gba ọkọ̀ ńlá, gbogbo ayé ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá gba ọkọ̀ apẹja kan, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn apẹja ni ojú àkọ́kọ́ tí ìjọba ní lójú omi. Ẹni tí wọn kò bá dáàbò bò kò ní sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi, ó sì fi gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀ rí, Adegboyega Oyetola, ṣe mínísítà rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó wà níwájú ilé-iṣẹ́ náà kò fara sin. Kí wọ́n ya owó ìtọ́jú ohun èlò ìṣọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa sọ fún ará ìlú iye tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Kí wọ́n tọ ipasẹ̀ owó ìtúsílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kó o jẹ. Kí wọ́n bá àwọn orílẹ̀-èdè Yaoundé ṣe àdéhùn pé ọlọ́ṣà tí wọ́n bá mú níbikíbi yóò rí ilé-ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ etí omi ní iṣẹ́ atukọ̀, nítorí pé ẹni tó lè fi ọkọ̀ pákó la ìgbì já lóru lè di atukọ̀ gidi bí ó bá rí ẹni kọ́ ọ. Kí wọ́n sì mú kí ọkọ̀ máa tètè já ẹrù ní èbúté. Èbúté Lekki tó jinlẹ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti gba díẹ̀ nínú ẹrù Àpápá, ṣùgbọ́n Àpápá àti Tin Can náà kò gbọdọ̀ di ibi tí ọkọ̀ ń sùn sí.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tó dára jù ni kí wọ́n yéé kó àlìkámà wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ní láárí. Agége gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó obì gbànja láti Gold Coast wá sí Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ Agége gbìn ín, reluwé ń gbé e lọ sí òkè Ọya, ó sì sọ ìlú náà di olókìkí. Lásìkò kan náà, kòkó tí Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbìn ní oko Agége ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ó dára kí wọ́n tún gbìyànjú búrẹ́dì onígbàágúdá tí ìjọba Olusegun Obasanjo àti ti Goodluck Jonathan polongo. Ṣùgbọ́n ìtàn Agége fi hàn pé òwò kò lè ṣe kó má gba ojú omi. Bí obì ṣe dẹ́kun láti máa wọlé ni kòkó ń jáde. Ìlú tó bá gbin ohun tirẹ̀ yóò fẹ́ tà á, ojú omi ni yóò sì gbà lọ.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀rọ̀ òkun ń fẹ́ sùúrù, ọgbọ́n àti ìfọkànsìn ọdún pípẹ́, kì í ṣe ariwo ọjọ́ ìṣíde. Àlàáfíà tó wà lójú omi lónìí, iṣẹ́ ló mú un wá, àìbìkítà sì lè gbé e lọ. Bí ó bá lọ, kò ní pẹ́ tí ìyá tó ń kiri búrẹ́dì ní Pen Cinema yóò fi mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ rédíò. Yóò mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá gbé búrẹ́dì náà lọ́wọ́, tí wọ́n wò ó, tí wọ́n sì dá a padà sínú igbá.